Abẹ́ Táìlì Ni Ọ̀rọ̀ Wà

Omi ti ya àpá ńlá kan sára àjà ilé ìdáná Màmá ìsàlẹ̀. Àárín rẹ̀ dúdú, etí rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ó sì ń fẹ̀ lọ síhà ibi tí gílóòbù iná wà. Wọ́n ti gbé abọ́ ńlá kan sábẹ́ rẹ̀. "Láti ìgbà tí òjò ti dá ni mo ti ń retí pé yóò gbẹ," Màmá wí. "Kò gbẹ o."

Gbólóhùn yẹn wúlò ju bí Màmá ti rò lọ. Bí òjò bá ti dá tí omi ò sì dá, a jẹ́ pé kì í ṣe páànù ló lẹ́bi. Balùwẹ̀ fúláàtì òkè ló dúbúlẹ̀ gẹ́lẹ́ lórí ilé ìdáná náà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló sì ń gbé òkè. Mo bá wọn rin ọ̀rọ̀ náà láti Marine Road ní Àpápá dé Ajégúnlẹ̀, dé Coker, títí a fi padà. Mò ń kọ ohun tí ojú mi rí sílẹ̀ nítorí pé ó ti tó gẹ́ẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé ni mo mọ̀ ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ tí wọ́n ti fọ́ balùwẹ̀ wọn, tí wọ́n ti fi táìlì olówó ńlá bò ó, tí wọ́n tún fọ́ ọ, tí omi ò sì yéé jò. Owó ohun tí ojú ń rí là ń ná. Ohun tí ojú ò rí ló ń jò.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà ti dàgbà. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku tó ṣọṣẹ́ l'Ékòó ni ìjọba amúnisìn dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928, àjọ yìí ló sì wá gé ilẹ̀ Àpápá sí pílọ́ọ̀tì fún ilé gbígbé àti ilé iṣẹ́ láàárín 1950 sí 1960, lẹ́yìn tí ọkọ̀ òkun ńláńlá ti ń gúnlẹ̀ sí èbúté ibẹ̀ láti 1926. Àwọn ilé ìgbà yẹn gbọnrangandan: ògiri nípọn, fèrèsé gbòòrò, dẹ́kìn le. Páìpù irin ni wọ́n rì mọ́ ògiri wọn. Irin náà ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú sìmẹ́ńtì, omi ń gba inú rẹ̀ kọjá, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ láti etí òkun ń fẹ́ lù ú níbi gbogbo tó bá ti yọrí. Ó yẹ kó ti jẹ.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú omi jíjò kì í ṣe àpá ara àjà. Nínú dẹ́kìn ni ọ̀pá irin tó gbé e ró wà. Bí omi bá ráyè dé ọ̀dọ̀ ọ̀pá irin wọ̀nyẹn, wọn á dípẹtà. Irin tó dípẹtà a máa wú, bó bá sì ti ń wú ni yóò máa ti kọnkéré tó yí i ká, títí kọnkéré á fi là, tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ ní wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá ti rí dẹ́kìn tí irin rẹ̀ yọ eyín síta ní ìsàlẹ̀ balùwẹ̀ ti rí òpin ọ̀nà tí ẹ̀kán omi kan bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ "ẹ jẹ́ kó di oṣù tó ń bọ̀" kò fi yẹ ẹnikẹ́ni tí àjà rẹ̀ ń kán.

Kí a tó pe ẹnikẹ́ni, a kọ́kọ́ pa iná ilé ìdáná Màmá láti ibi fíúsì, nítorí omi ti sún mọ́ wáyà. Mo tún bẹ wọ́n pé kí ẹnikẹ́ni má fi igi gún àjà náà kí omi lè tètè dà jáde, bí àwọn kan ti máa ń ṣe. Asibẹ́sítọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ṣe àjà àti òrùlé ọ̀pọ̀ ilé ìgbà náà. Bí ó bá fọ́ ní gbígbẹ, eruku rẹ̀ á wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè má jáde mọ́.

Lẹ́yìn náà la bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Kò sí mítà omi nílé náà tí a lè máa wò, nítorí bọ́hóò (kànga ẹ̀rọ) ló ń fa omi sókè sínú táńkì. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí gbogbo ilé pọn omi tí wọ́n máa lò, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára táńkì ní alẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì ṣí ẹ̀rọ mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ní àárọ̀, omi ti fi ìka kan lọ sílẹ̀ sí ìlà náà. A jẹ́ pé páìpù kan tí omi ń tì látinú ń jò, a lo omi tàbí a ò lò ó. Ohun kejì: a da búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun sínú táńkì kékeré ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, a ò sì fa omi rẹ̀. Bí búlúù bá rọra wọ inú àwo ìgbọ̀nsẹ̀ fúnra rẹ̀, rọ́bà inú táńkì náà ti bàjẹ́. Kò wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn tí a fa omi rẹ̀, ẹ̀kán tó ń bọ́ sínú abọ́ Màmá kò ní àwọ̀ búlúù. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bọ́ nínú ẹ̀sùn. Ohun kẹta: a ti fáàfù tó ń gbé omi lọ sí balùwẹ̀, ẹ̀kán náà sì dín kù gan-an, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbé omi inú bókẹ́ẹ̀tì wọlé wẹ̀, ó tún yára. Nítorí náà ibi tó ń jò ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀kan wà lára páìpù, èkejì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí à ń dúró lé lórí.

Gbogbo ìwádìí yìí kò ná wa ju owó búlúù lọ. Mo fẹ́ kí onílé àti ayálégbé máa ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó gbé òòlù wọlé, nítorí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe é ni agbaṣẹ́ṣe kì í lè tan jẹ.

Ta ni yóò san owó rẹ̀? Níbí ni Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ti yàtọ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ayálégbé kò sì mọ̀ nìyí. Òfin Ilé Yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, sọ ojúṣe onílé àti ti ayálégbé. Ó ní kí onílé máa tún ìta ilé àti ibi tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò ṣe. Ó ní kí ayálégbé tọ́jú ibi tó ń gbé, kó má sì yí ohunkóhun padà nínú ilé láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ onílé. Ṣùgbọ́n òfin kan náà yọ àdúgbò mẹ́rin sílẹ̀: Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island. Ayálégbé Ajégúnlẹ̀ tó ń san owó kékeré wà lábẹ́ ààbò òfin náà. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Marine Road kò sí níbẹ̀. Ìwé àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n gba ilé ló di òfin wọn. Mo gbà wọ́n níyànjú láti tún un kà. Ó wà níbẹ̀ pé onílé ló ni ohun tó bá kan dẹ́kìn, ògiri àti páìpù inú ògiri. Ìbàdàn ni onílé ń gbé. A fi fídíò ẹ̀kán omi àti ìlà ara táńkì ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìbuwọ́lù, pé kí a ṣe iṣẹ́ náà, kí a yọ owó rẹ̀ kúrò nínú owó ilé tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ ni, Citizens' Mediation Centre tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 1999 ni a ò bá gbé e lọ, nítorí wọn kì í gba kọ́bọ̀ láti parí ìjà onílé àti ayálégbé.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wá wo iṣẹ́ náà wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó sì ní fóònù méjì lọ́wọ́. Ó ní òun ti tún balùwẹ̀ ṣe káàkiri Lekki. Ó fi àwòrán hàn wá: táìlì tó ń dán, dígí gìrìwò, iná aláràbarà. Kò béèrè ìgbà tí omi ń kán. Kò ṣí ẹ̀rọ kankan wò, kò sì sọ̀ kalẹ̀ lọ wo àjà Màmá. Ó wọn ilẹ̀, ó wọn ògiri, ó tẹ fóònù, ó sì pe iye kan. Owó táìlì àti POP kó ju ìdajì rẹ̀ lọ. Mo bi í pé kí ló ń fa omi náà.

"Ẹ má ṣèyọnu, sà. Tí a bá ti fọ́ gbogbo ẹ̀, a máa rí i."

Ó fẹ́ gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì sìn ín dé ẹnu géètì. Adáhunṣe tí kò tíì mọ àìsàn kò gbọdọ̀ pe owó oògùn.

Lẹ́yìn èyí, a gba Malu Road já sí Boundary ní Ajégúnlẹ̀, láti lọ wá plọ́ńbà. Ẹni tó bá ti rìn ín mọ̀ bí nǹkan ṣe ń yí padà lójú ẹsẹ̀: ọgbà ńlá àti igi ìbòji á dópin, ọjà á bẹ̀rẹ̀, kẹ̀kẹ́ Márúwá á máa fẹnu kora, ọmọ kéékèèké á máa gbá bọ́ọ̀lù láàárín gọ́tà méjì. Ajégúnlẹ̀ yìí ló bí Samson Siasia àti Odion Ighalo fún bọ́ọ̀lù, òun náà ló bí Daddy Showkey fún orin. Wọn kì í ka àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn nígbà tí wọ́n bá ń ka àwọn ọmọ tó gbé orúkọ àdúgbò ga, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọwọ́ wọn ló ń mú kí ilé Àpápá dúró. Ìjọ, Ìlàjẹ, Ùròbò, Ìgbò, Haúsá, Yorùbá, gbogbo wọn ló jọ kún ibẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ èbúté ń pè wọ́n, wọ́n sì kọ́ ilé wọn síbi tí ilẹ̀ bá ti gbà wọ́n, láìsí ẹni tó wá gé pílọ́ọ̀tì fún wọn.

Plọ́ńbà tí Màmá ìsàlẹ̀ júwe fún wa jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ, àgbàlagbà tí irun rẹ̀ ti funfun. Ìwé fírídọ̀mù tí ọ̀gá wọn fún wọn wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó ti pọ́n. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ìwé ìdánwò Trade Test ti iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Mo fẹ́ràn bí mo ṣe rí ìwé méjèèjì pọ̀. Èkíní sọ pé ọ̀gá kan jẹ́rìí sí i pé ó sìn, ó sì kọ́ṣẹ́ yanjú. Èkejì sọ pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí dán an wò. Síbẹ̀, kì í ṣe ìwé ló mú ọkàn wa balẹ̀. Ìbéèrè ni.

"Ṣé ó ń kán lóru?"

"Ó ń kán, Bàbá."

"Ṣé tí ẹ bá ń wẹ̀, ó máa ń le sí i?"

"Ó máa ń le sí i."

"Páìpù irin ni àbí ike?"

Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ ìlà ṣọ́ọ̀kì fún wọn. Bàbá gbé ojú sókè. "Ẹ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ mi," wọ́n wí. Wọn ò pe owó. Wọ́n ní àwọn á wá wò ó, owó wíwò nìkan ni kí a fún àwọn lọ́jọ́ náà, tí a bá sì gbé iṣẹ́ náà fún àwọn, kí a yọ ọ́ nínú owó iṣẹ́.

Kí wọ́n tó tẹ̀ lé wa, wọ́n ní ká kọ́kọ́ dé ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ní àdúgbò Tolu. Ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ẹ ni, yàrá ní ọ̀tún, yàrá ní òsì, balùwẹ̀ ẹyọ kan lẹ́yìn fún gbogbo ilé. Omi abẹ́ ilẹ̀ kò jìnnà rárá ní àdúgbò yẹn, nítorí ilẹ̀ àbàtà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà ògiri ń mu omi láti ìsàlẹ̀, balùwẹ̀ sì ń fi kún un láti òkè. Ọ̀dà ìsàlẹ̀ ògiri yàrá tó fara kan balùwẹ̀ ti wú, ó ti ń bó. Ìyá tó ń gbé yàrá náà gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lè fọwọ́ kan ibẹ̀. Ó tutù. Òórùn búburú ń jáde lára rẹ̀. Ìyá náà ní ọmọ òun ń wú ikọ́ lóru.

Níbẹ̀, bí ẹ̀rọ kan bá ń kán, kì í ṣe omi bọ́hóò onílé ló ń ṣòfò. Ọwọ́ meruwa (àwọn tó ń ta omi kiri) ni wọ́n ti ń ra omi. Nǹkan bí ẹ̀kán 4,000 ló ń di lítà kan, nítorí náà ẹ̀rọ tó ń kán lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan ń da omi tó lé ní lítà 21 nù láàárín ọ̀sán àti òru, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kẹ́ẹ̀gì meruwa kan. Ìlú tí ìjọba ti ń fi páìpù gbé omi láti Ìjú wọ̀ láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún ló wá ń fi ọmọlanke gbé omi kiri. Inú mi kì í dùn bí mo bá ronú kan èyí, n kò sì gbà pé ó yẹ kó mọ́ wa lára.

Àwọn ayálégbé ilé Tolu náà ti ń dá owó jọ ní yàrá-yàrá fún iṣẹ́ náà, nítorí onílé ní òun ò ní owó lọ́wọ́. Ibi tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò ni balùwẹ̀ yẹn, lábẹ́ òfin 2011 iṣẹ́ onílé ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ọkùnrin kan tó ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dáhùn pé, "A mọ̀ pé iṣẹ́ wọn ni, Bọ̀dá. Ṣùgbọ́n ọmọ wa ló ń wú ikọ́."

Nígbà tí Bàbá dé Marine Road, àjà Màmá ni wọ́n kọ́kọ́ lọ wò. Wọ́n fi ìka kan ògiri òkè níbi gbogbo, wọ́n fi ẹ̀yìn ṣísẹ́ẹ̀lì kan táìlì ilẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó lẹ̀ dáadáa dún jinlẹ̀. Èyí tí omi ti wọ abẹ́ rẹ̀ dún òfìfo. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí àwọn tó dún òfìfo, àmì náà sì yí ihò omi ilẹ̀ ká, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ sábẹ́ ṣáwà. Wọ́n wá kọ ọ́ sínú ìwé: ohun tí wọ́n máa fọ́, ohun tí wọn ò ní fọ́, ohun tí a máa rà, owó iṣẹ́, ìgbà mẹ́ta tí a máa san owó náà. Apá àkọ́kọ́ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, èkejì lẹ́yìn tí páìpù àti ilẹ̀ bá yege nínú ìdánwò omi, èyí tó kù lẹ́yìn tí Màmá ìsàlẹ̀ bá ti rí i pé àjà wọn gbẹ. Bàbá fúnra wọn ló mú apá kẹta yẹn wá. "Tí mo bá gba gbogbo owó mi kí omi tó dá," wọ́n wí, "kí ló máa mú mi padà wá?"

Wọ́n tún kìlọ̀ pé bí àwọn bá ṣí ilẹ̀ tí irin dẹ́kìn bá ti jẹ kọjá ààlà, àwọn á dúró, ká pe ẹnjiníà. Iṣẹ́ dẹ́kìn kì í ṣe iṣẹ́ plọ́ńbà. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yọ ògiri tàbí gbẹ́ dẹ́kìn ní Èkó gbọ́dọ̀ wá ẹnjiníà tí COREN, àjọ tó ń forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀, fọwọ́ sí, kó sì gba ìwé àṣẹ ìjọba, LASBCA, àjọ Èkó tó ń mójú tó ilé kíkọ́, náà yóò sì wá wò ó. Mo fẹ́ràn oníṣẹ́ tó mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ parí sí.

Ọjọ́ tí a lọ ra nǹkan, a gba Amùkòkò já sí Òrílé, a sì wọ ọjà Odunade ní Coker. Táìlì dúró ní páálí-páálí dé òrùlé, àwo ìgbọ̀nsẹ̀ tò lọ bí ojú ti lè ríran dé, àwọn ọmọkùnrin ń fa ọwọ́ ẹni: "Àǹtí, ẹ wá wo èyí, ti Spéìnì ni!" Bàbá ò wo táìlì. Ṣọ́ọ̀bù páìpù ni wọ́n wọ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ omi méjì lé àtẹ́lẹwọ́, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, méjèèjì ń dán bákan náà. Wọ́n ní kí n gbà wọ́n. Ọ̀kan fúyẹ́. Idẹ ni èyí tó wúwo, yóò pẹ́. Irin pọ́ọ́kú tí wọ́n kùn ni èkejì, inú rẹ̀ yóò jẹ. Páìpù PPR ni wọ́n yàn, irú èyí tí wọ́n máa ń fi iná yọ́ ẹnu rẹ̀ kó lè di ẹyọ kan pẹ̀lú ẹ́líbò, nítorí wọn ò fẹ́ fi ohun tí gọ́ọ̀mù nìkan dì mú sínú ògiri. Wọ́n yẹ àmì MANCAP ti SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà, wò lára ohun tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà. Wọ́n ra ohun adènà-omi: ìyẹ̀fun rẹ̀ nínú àpò, omi funfun rẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì, pẹ̀lú àwọ̀n tí wọ́n máa tẹ́ sí igun ògiri. Ohun adènà-omi yìí ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ máa ń yọ kúrò nínú ìwé ọjà bí owó ò bá tó. Ó dùn mí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi mú táìlì tí owó rẹ̀ kéré sí èyí tí wọ́n ti ń fojú sí lára láti lè ra á, wọn ò sì kẹ́dùn.

Nígbà tí ṣísẹ́ẹ̀lì wọ ògiri, páìpù irin náà farahàn. Pípupa ni, ó ti wú, ìpẹtà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí inú rẹ̀ tán. Lára ẹ́líbò tó yà sí ṣáwà ni ihò kékeré kan wà, omi ń tú jáde ní tínrín láti ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí ilẹ̀. Kò sí ohun adènà-omi kankan lábẹ́ táìlì àtijọ́. Yanrìn àti sìmẹ́ńtì lásán ni, ó ti rin gbingbin, ìdàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì kọjú sí ògiri dípò ihò omi. Omi ìwẹ̀ ń lọ dúró sẹ́bàá ògiri lójoojúmọ́, ó ń wá ọ̀nà ìsàlẹ̀. A yẹ irin dẹ́kìn wò níbi tí kọnkéré ti là díẹ̀. Ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀, kò tíì jẹ wọlé. Ẹnjiníà tí onílé rán wá wò ó, ó ní kí a fọ ìpẹtà náà dànù, kí a kùn ún, kí a fi sìmẹ́ńtì àtúnṣe dí i.

Bàbá yọ páìpù irin náà kúrò pátá, wọn ò kàn fi ìdè dí ihò rẹ̀. Wọ́n to PPR, wọ́n dí gbogbo ẹnu rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ àfọwọ́tẹ̀ kan ti omi sínú rẹ̀, wọ́n sì ní kí gbogbo wa máa wo abẹ́rẹ́ ojú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà kò mira títí wọ́n fi jẹun tán. Lẹ́yìn náà ni ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) kan tó ń lẹ táìlì wọlé, ọ̀dọ́ tó mọṣẹ́ dáadáa. Àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò pọ̀ nínú àwọn tí Èkó ń wá fún iṣẹ́ yìí. Ó tún ilẹ̀ tẹ́, ó jẹ́ kó dà sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì fún mítà kọ̀ọ̀kan lọ síhà ihò omi. Ó kùn ún ní ohun adènà-omi lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ́kọ́ kùn ún ní gígùn, ó tún kùn ún ní ìbú, ó sì gbé e gun ògiri.

Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ nígbà tó gbẹ. Ọmọ Àjàṣẹ́ fẹ́ lẹ táìlì lójú ẹsẹ̀ nítorí iṣẹ́ mìíràn ń dúró dè é. Bàbá ní rárá. Wọ́n fi aṣọ àti ọ̀rá dí ihò omi ilẹ̀, wọ́n da omi kún ilẹ̀ náà, wọ́n fi pẹ́ńsùlù fa ìlà síbi tí omi dé, wọ́n ní wákàtí 24.

"Bàbá, mo ti kùn ún lẹ́ẹ̀mejì."

"Mo rí i, ọmọ mi. Jẹ́ kí omi náà jẹ́rìí sí i."

Kí wákàtí náà tó pé, Màmá ìsàlẹ̀ pè wá. Ibì kan ti tutù tuntun lára àjà wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí páìpù ìdọ̀tí gba dẹ́kìn kọjá. Ọ̀rọ̀ ọmọ Àjàṣẹ́ dópin níbẹ̀, kò sì bínú. Ó yọ omi, ó gbẹ́ ẹsẹ̀ páìpù náà, ó tẹ́ àwọ̀n yí i ká, ó kùn ún, ó tún dúró kó gbẹ. Wọ́n da omi lẹ́ẹ̀kejì. Ìlà pẹ́ńsùlù àti omi ṣì wà pọ̀ ní ọjọ́ kejì, àjà sì gbẹ. Bí a bá ti fi táìlì bo ẹsẹ̀ páìpù yẹn kí omi tó jẹ́rìí, a ò bá tún fọ́ gbogbo rẹ̀, a ò bá sì máa bú ẹni tó lẹ táìlì, nígbà tí ẹ̀bi náà jẹ́ ti wa tí a ò dán an wò. Kí táìlì tó bò ó, ẹ̀gbọ́n mi ya fọ́tò gbogbo páìpù, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ kan ìṣó mọ́ ògiri lọ́jọ́ iwájú lè mọ ibi tí kò gbọdọ̀ kàn án.

A san apá kejì lọ́jọ́ náà. Fún apá kẹta, Màmá dúró títí àjà fi gbẹ dáadáa, àwọn fúnra wọn ló tẹ Bàbá láago pé kí wọ́n wá gbowó.

Mo bá Bàbá padà sí Tolu, nítorí mo fẹ́ rí bí wọ́n ṣe máa ṣe ìdánwò kan náà níbi tí kò sí bọ́hóò. Owó àwọn ayálégbé ti pé, onílé náà sì ti fọwọ́ sí ìwé pé òun á yọ ọ́ nínú owó ilé. Ìyá ọmọ tó ń wú ikọ́ ló fi òfin náà tẹ̀ ẹ́ títí. Wọ́n ti kun ilẹ̀ balùwẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti gbẹ. Bàbá ní kí wọ́n mú omi kẹ́ẹ̀gì méjì wá.

"Kẹ́ẹ̀gì méjì ká dà á sílẹ̀?" obìnrin kan bú sẹ́rìn-ín. "Omi tí a fowó rà?"

Bàbá ṣe ìṣirò fún wọn: balùwẹ̀ kékeré ni, kò lè gbà ju lítà 50 lọ, ẹ ò sì ní dà á nù. Ìyá ọmọ náà ló kọ́kọ́ gbé kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ jáde. Ọkùnrin tó ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́sí gbé èkejì. Wọ́n dà á, wọ́n fa ìlà, wọ́n ti ilẹ̀kùn, gbogbo ilé sì lọ wẹ̀ ní ilé ẹ̀gbẹ́ ní ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì omi ò kúrò lórí ìlà, ìsàlẹ̀ ògiri yàrá náà kò sì tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n fi ike gbọ́n omi náà padà sínú bókẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbé e sẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n sì pín in ní yàrá-yàrá fún fífọ ìgbọ̀nsẹ̀ títí di alẹ́. Ọmọ Àjàṣẹ́ ti gbé páálí táìlì rẹ̀ wọlé kí wọ́n tó gbọ́n ọn tán.